Sátidé Àkọ́kọ́ Tí Òjò Bá Dá

Ọjọ́rú, 1 oṣù Keje, 2009

Òjò láti àárọ̀. Ìwé ìṣípòpadà Bàbá Pẹ̀lúmi dé: Àkúrẹ́, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án. Ó gbé e sórí tábìlì oúnjẹ, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó gba ipò kìíní. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n dá òun padà sí ìtòsí ilé. Mo bá a yọ̀, mo sì bá a yọ̀ dénú, àmọ́ ọkàn mi ti sá lọ sí ọgbà igbó tí mo ń tọ́jú létí odò fún àwọn tó ń wá wò ó kí n tó parí ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

"Ọgbà ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ọgbà wo? Èyí tó ń sùn bí òkú látìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí Kérésì?"

A jiyàn títí ọbẹ̀ fi tutù. Ìgbà tó yá ó fún mi ní gbèdéke. Títí ìparí oṣù Kẹjọ. Bí mo bá lè fi hàn án pé èèyàn máa ń wá wo igbó lásìkò òjò, kì í ṣe ìgbà Kérésì àti Àjíǹde nìkan, èmi á dúró sí Benin, òun á máa wá ní òpin ọ̀sẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo wa la jọ ń kó lọ. Mo gbà. Láti ìgbà tí mo ti gbà ni n ò ti lè jókòó sójú kan.

Sátidé, 4

Òjò. Ẹnì kan ò wá. Pa Idehen, tí ìdílé rẹ̀ ló ni ilẹ̀ náà, tó sì ń bá mi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, sùn sórí àga títí ọ̀sán fi pọ́n. Mo wọ bàtà òjò, mo rìn yíká. Omi ti ń gun òpó afárá pákó bọ̀.

Ohun rere kan ṣẹlẹ̀. Abo àtíòro ti wọ inú ihò igi àràbà tó wà lódìkejì afárá láti yé ẹyin. Wọ́n ti fi ẹrẹ̀ mọ ẹnu ihò náà pa mọ́ ọn, ó ku ojú tín-ín-rín kan tí akọ ń gbà ki èso sí i lẹ́nu. Akọ ń lọ, ó ń bọ̀, ariwo rẹ̀ gba gbogbo igbó. Mo mú Pẹ̀lúmi lọ wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó kẹ́sẹ̀ lé ara, ó ní, "Mummy, na you be the one wey dem lock inside." Mo ní kó panu mọ́.

Túsìdeé, 7

Òjò. Aṣọ ò gbẹ láti Sọ́ńdé. Mo ń rìn láti fèrèsé pálọ̀ dé ti kíṣìnnì títí Bàbá Pẹ̀lúmi fi ní kí n jókòó, pé òòyì ti ń kọ́ òun.

Sọ́ńdé, 12

Ọgbọ́n sọ sí mi lọ́kàn nígbà ìwàásù, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ohun tó ń pa wá lára ni pé a máa ń dá ọjọ́. Lọ́dún tó kọjá, gbogbo ọjọ́ tí mo dá fún àwọn èèyàn lásìkò òjò ni òjò bà jẹ́, àwọn òbí ń pè mí lórí fóònù bí ẹni pé èmi ni mo rán an. Kí ló wá dé tí mo ń dá ọjọ́? August break ń bọ̀. Ọdọọdún ni ẹ̀ẹ̀rùn kékeré yẹn ń dé, ọjọ́ tó máa dé gan-an la ò mọ̀. Àsìkò yẹn náà sì ni àwọn ọmọ wà nílé, tí wọ́n ń da ilé rú.

Lẹ́yìn ìsìn mo lọ bá Ìyá Ìjọ. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wọn ń wá ibi tí wọ́n á ti ṣe fàájì ọdún yìí. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Mo ní, "Ẹ má dá ọjọ́ rárá, mà. Sátidé àkọ́kọ́ tí òjò bá dá, ẹ sáà máa bọ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Bùsáyọ̀, orí ẹ pé."

Mo gbà pẹ̀lú wọn.

Túsìdeé, 14

Ọjà Santana. Tòmátì ti gbówó lórí, wọ́n ní òjò ni. Gààrì náà gbówó lórí, wọ́n ní òjò náà ni. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Alhaji Làmídì, tó ń ta táyà ní Ogida, olórí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá àdúgbò yẹn. Ó fẹ́ kó àwọn ọmọ ilé-kéwú wá wo igbó.

"Ìyá Pẹ̀lúmi, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ààwẹ̀ tó wọlé o. Tí ààwẹ̀ bá ti wọlé, ó di ẹ̀yìn ọdún nìyẹn."

Mo ní, "Sátidé àkọ́kọ́ tí òjò bá dá, sà."

Nígbà tí mo ń darí bọ̀ ní Uwasota, mo yà lọ́dọ̀ Tíṣà Ṣùbòmí tó ń ṣe lẹ́sìn fún àwọn ọmọ nígbà họlidé. Mo sọ ohun kan náà fún un. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, mo sùn dáadáa.

Sátidé, 18

Òjò.

Sátidé, 25

Òjò tí kì í ṣe kékeré. Tọkọtìyàwó àgbàlagbà kan wá, ará Benin, agbòòrùn kan ṣoṣo ni wọ́n jọ gbé. Ojú tì mí pé ọgbà ṣófo. Mo mú wọn kọjá afárá. Àwọn kọ̀ǹkọ̀ ń ké, ìgbín wà lára gbogbo ewé, omi ń kán láti orí igi bọ́ sí orí igi. Akọ àtíòro dé nínú òjò náà, ìyẹ́ rẹ̀ rin gbingbin, ó ki ẹyìn sí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu láti ojú ihò. Àwọn àgbàlagbà náà dúró wò ó títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Nígbà tí wọ́n ń lọ, bàbá náà ní, "Madam, this place quiet well well. We go come back."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú pé èèyàn ò sí. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo wí.

Ọjọ́bọ̀, 30

Bàbá Pẹ̀lúmi ti ń kó páálí wálé. Ó to ìwé rẹ̀ sínú wọn, ó kọ ÀKÚRẸ́ sí wọn lára. Mo fẹsẹ̀ kọ ọ̀kan lónìí, mo sì tún fẹsẹ̀ gbá a. Wọ́n ti gba Pẹ̀lúmi sí ilé-ìwé kan níbẹ̀.

Sátidé, 1 oṣù Kẹjọ

Òjò àárọ̀ tó ń fi ojú ẹni gbolẹ̀. Kí ó tó di ọ̀sán, oòrùn ti yọ, ilẹ̀ ń gbóná. Kò sẹ́ni tó wá, nítorí gbogbo wọn ti wo ojú ọ̀run láàárọ̀, wọ́n sì ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Ìjọ pè mí.

"Bùsáyọ̀, ṣé a lè pe èyí ní pé òjò dá?"

"Ó ti dá báyìí, mà."

"Ṣé ó máa dá dúró?"

Mo ní n ò mọ̀. Pa Idehen ti búra fún mi pé òjò ò ní rọ̀ lónìí. Ó ní òun mọ òjò Benin bí òun ṣe mọ ìyàwó òun. Ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sí Warri láti ọdún tó kọjá.

Sátidé, 8

Ọ̀wààrà díẹ̀díẹ̀, ó ń dá, ó ń bẹ̀rẹ̀. Fóònù mi ò sinmi. Tẹlifíṣọ̀n ní oòrùn máa ràn. Mo pa á.

Ọjọ́rú, 12

Òjò ò rọ̀ lánàá. Kò rọ̀ lónìí. N ò sọ ọ́ síta kí ó má baà gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 13

Oòrùn.

Jímọ̀, 14

Oòrùn. Aṣọ gbẹ táútáú. Ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan, gbèdéke mi ku ọ̀sẹ̀ méjì àti díẹ̀. Bàbá Pẹ̀lúmi ní òun á tẹ̀lé mi lọ́la láti fi ojú ara òun rí i. Mo ti fọ afárá, mo ti gé koríko. Mo jáde wo ojú ọ̀run títí Pẹ̀lúmi fi ní, "Mummy, the sky no go run."

Sátidé, 15

Mo fẹ́ kọ ọ́ kí n tó wẹ̀.

Ojú ọ̀run mọ́ láàárọ̀, kò sí ìkùukùu kan. Bọ́ọ̀sì ìjọ ló kọ́kọ́ dé, Ìyá Ìjọ wà níwájú. Mo ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì sọ ìkòkò wọn kalẹ̀ tán tí bọ́ọ̀sì Alhaji fi yọ, tí òmíràn sì tẹ̀ lé e. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Tíṣà Ṣùbòmí kó àwọn ọmọ tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni ẹ̀rín tó wá gan mọ́ mi lẹ́nu. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún gbogbo wọn, gbogbo wọn sì ti wo ojú ọ̀run kan náà. Báwo ni mi ò ṣe rò ó? Báwo ni obìnrin tó lọ sílé-ìwé ò ṣe rò ó?

Lẹ́yìn wọn ni ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í já àwọn tí n ò mọ̀ rí sílẹ̀. Òjò ti há gbogbo ìlú mọ́lé láti oṣù Kẹfà, oòrùn wá tú wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Pa Idehen ṣí géètì gbayawu, ó ń kí wọn káàbọ̀. Mo ní kó tì í. Ó ní, "Madam, na people you dey find. See people."

Àwọn obìnrin ìjọ gbé jẹnẹrétọ̀ wá, wọ́n so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ ọn. Wọ́n dáná ìrẹsì lábẹ́ igi, èéfín ń gòkè. Àwọn Alhaji ń wá ibi tó mọ́ tí wọ́n á ti kírun, kò sí, mo ní kí wọ́n lo abẹ́ àtíbàbà tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ Tíṣà sáré gba orí afárá kọjá ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, bẹ́ẹ̀ afárá náà ò gbà ju èèyàn mélòó kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n rí akọ àtíòro. Ọ̀kan nínú wọn sọ òkúta sí i. Ẹyẹ náà fò lọ pẹ̀lú èso lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sáré padà, pákó kan ṣẹ́, ẹsẹ̀ ọmọ kan wọlé dé itan. Ọpẹ́lọpẹ́ Bàbá Pẹ̀lúmi tó fà á yọ. Ara rẹ̀ bó, egungun ò ṣẹ́.

Ibẹ̀ ni Ìyá Ìjọ dé, pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́ lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní àwọn náà ń kọjá lọ wo ẹyẹ.

"Mà, afárá ò ní lè gbà yín."

"Ta ni kò lè gbà? Bùsáyọ̀, ṣebí ìwọ lo pè wá?"

"Èmi ni mo pè yín, mà."

"Ó dáa, yà lọ́nà."

N ò mọ ohun tí mo lè ṣe. N ò lè na ọwọ́ dí ìyá tó tó bí mi lọ́mọ, n ò sì lè pariwo mọ́ wọn. Mo bá kúnlẹ̀. Àárín afárá gan-an ni mo kúnlẹ̀ sí, orúnkún méjèèjì lórí pákó, afárá náà ò sì fẹ̀ ju èjìká èèyàn méjì lọ. Mo ní, "Ẹ dákun, mà. Mo bẹ̀ yín ní orúkọ Jésù."

"Dìde."

"N ò ní dìde, mà."

Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Odò ló wà lápá méjèèjì, obìnrin ilé ọkọ tó kúnlẹ̀ ló sì wà níwájú wọn. Kò sí bí wọ́n ṣe máa gba orí mi kọjá lójú gbogbo ayé. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi bẹ̀bẹ̀ láìmọ ohun tí mo ṣẹ̀. Alhaji náà na ọrùn láti ẹ̀yìn: "Màmá, ẹ fojú fò ó. Ó ti kúnlẹ̀."

Ìyá Ìjọ yíjú padà. Kí wọ́n tó lọ wọ́n ní, "Bùsáyọ̀, o fi ìkúnlẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ wa." Òótọ́ ni wọ́n sọ.

N ò dìde títí gbogbo wọn fi kúrò létí omi. Bàbá Pẹ̀lúmi ti rin gbingbin fún òógùn níbi tó ti ń to ọkọ̀. Nínú mọ́tò ó ń lu ọwọ́ mọ́ sítíárì. "O ti yege! Ojú mi ló ṣe. Mo gbà fún ọ, Màmá Pẹ̀lúmi, dúró sí Benin rẹ." Ohun tí mo ti ń gbàdúrà fún láti oṣù Keje nìyẹn. Ẹyẹ tó fò lọ yẹn ni mo ń rò.

Sọ́ńdé, 16

Mo kí Ìyá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kí aṣọ mi, wọn ò wo ojú mi.

Mọ́ńdè, 17

Mo jókòó sábẹ́ igi àràbà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Eérú, ike omi, ewé tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Akọ àtíòro ò wá. Abo wà nínú ihò, mo ń gbọ́ tó ń họ ẹrẹ̀ náà láti inú. N ò lè ṣe nǹkan kan fún un, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é.

Túsìdeé, 18

Ó wá! Ọ̀sán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n, ó bà sórí ẹ̀ka tó jìnnà, ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ojú ihò. Mo bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ọjọ́rú, 19

Mo sọ fún Bàbá Pẹ̀lúmi lẹ́yìn oúnjẹ. Mo ní ohun tó rí ní Sátidé kì í ṣe àṣeyọrí. Mo ní tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá tún dé, kò ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa wá wò mọ́.

"O mọ̀ pé mo ti gbà kí o dúró?"

"Mo mọ̀."

"O mọ̀ pé tí o bá panu mọ́, o ti borí?"

"Mo mọ̀. N ò fẹ́ fi irọ́ borí yín."

Ó dìde, ó tún jókòó. "Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

Mo ní èèyàn mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ ṣáájú, òjò rọ̀ o, oòrùn ràn o. Bàtà òjò á wà fún ẹni tí kò bá ní.

"Nínú òjò?"

"Nínú òjò."

"Bùsáyọ̀." Kì í pe orúkọ mi àfi tọ́rọ̀ bá le. "Yorùbá wo ló máa forúkọ sílẹ̀ láti lọ rìn nínú òjò?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, gbèdéke ò yí padà.

Sátidé, 22

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òjò náà padà dé bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílẹ̀. Mo ti pín ìwé pélébé kiri Ogida àti Uwasota: ẹni mẹ́wàá péré, òjò tàbí oòrùn. Ẹnì kan ò wá. Pa Idehen ní orí mi ti dàrú.

Sátidé, 29

Ẹni mẹ́ta. Bàbá Pẹ̀lúmi dúró ní ẹnu géètì láti àárọ̀, agbòòrùn lọ́wọ́. Ó rí àwọn mẹ́ta náà wọlé, ó rí wọn jáde. Nígbà tí a délé ó di páálí tó kù.

Mọ́ńdè, 31

Wọ́n ti lọ. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo pàdánù nínú àdéhùn wa, mo sì kọ̀, n ò tẹ̀ lé e. Mo sọ fún un lálẹ́ àná pé n ò ní lọ. Kò pariwo. Ó ní òun ò ní wọ́ obìnrin tó ti dàgbà sínú mọ́tò, àmọ́ kí n má retí òun ní òpin ọ̀sẹ̀, nítorí àdéhùn ni àdéhùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí nítorí pé kò parọ́. Pẹ̀lúmi dì mọ́ mi lọ́rùn, ó ní, "Mummy, you sure?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N ò dá ara mi lójú rárá.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí wọ́n wa ọkọ̀ jáde. Ilé yìí ti tóbi jù.

Sátidé, 5 oṣù Kẹsàn-án

Tọkọtìyàwó àgbàlagbà ọjọ́ yẹn padà wá, wọ́n mú àbúrò wọn àti ìyàwó rẹ̀ dání. Agbòòrùn méjì báyìí. Mo gbé tíì gbígbóná fún wọn lábẹ́ àtíbàbà, a jọ wo òjò.

Fóònù ò dún láti Àkúrẹ́.

Sátidé, 12

Ẹni méje. Tíṣà Ṣùbòmí wà lára wọn, ó mú ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bó dání. Ara ọmọ náà ti jinná. Mo tún pákó náà kàn fúnra mi, mo fi hàn án, ó fò lé e lẹ́ẹ̀kan láti dán an wò.

Sọ́ńdé, 13

Lẹ́yìn ìsìn, mo fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan yọ́ lọ. Ìyá Ìjọ pè mí padà. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde, má tún kúnlẹ̀ lé mi lọ́nà." Ojú wọn ò rẹ́rìn-ín, ẹnu wọn ló ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní o ní bàtà òjò. Ṣé èyí tó bá ẹsẹ̀ mi mu wà níbẹ̀?"

Mo ní ó wà, mà. Kò sí. Mo lọ rà á ní Santana kí wọ́n tó pa ọjà.

Ọjọ́bọ̀, 17

Òjò láti àná. Mo ń wá nǹkan tí mo máa fi ọwọ́ ṣe, mo ti fọ gbogbo bàtà òjò tán, mo tún ń fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ni fóònù dún. Bàbá Pẹ̀lúmi.

"Òjò ń rọ̀ níbẹ̀?"

"Ó ń rọ̀."

"Níbí náà." Mo gbé bàtà tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. "Pẹ̀lúmi ò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní òun fẹ́ wo ẹyẹ yẹn kí ọmọ rẹ̀ tó fò. Kọ orúkọ èmi àti òun sílẹ̀ fún Sátidé."

Mo fa ìwé orúkọ jáde. Mo wo àwọn orúkọ tó wà nílẹ̀: Ìyá Ìjọ àti mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ wọn, ìyá àti ọmọ kan láti Ogida, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó wù mí kí n pa ẹnì kan rẹ́. Ó wù mí gan-an ni.

"Sátidé ti kún," ni mo wí.

Àga kan dún lódìkejì fóònù.

"Ó kún? Nínú òjò yìí?"

"Nínú òjò yìí."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín tí n ò tíì gbọ́ láti oṣù tó kọjá. Ọkọ mi, tí kò tíì fi ẹ̀yin kí mi rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá wa wá àyè sí Sátidé tó ń bọ̀."

"Àyè wà, sà. Kí lorúkọ yín?"

"Akínwùmí," ló wí. "Èmi àti ọmọ mi."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Omijé ò jẹ́ kí n rí ohun tí mo ń kọ, mo ní kó tún un pè.